Ẹnu Ilẹ̀kùn Ófùn: Ibi tí Owó Dísẹ́ẹ̀lì Ń Gbà Jáde

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ófùn ilé búrẹ́dì kan ń jò kò nílò láti bi ẹnikẹ́ni léèrè. Irin tó wà lókè ilẹ̀kùn rẹ̀ ni kó wò. Bí irin náà bá ti dúdú, tí ọ̀dà ara rẹ̀ ti bó, tí ògiri òkè rẹ̀ sì ti pọ́n, ooru ti ń gba ibẹ̀ jáde tipẹ́tipẹ́. Kó wá bẹ̀rẹ̀, kó gbé ẹ̀yìn ọwọ́ sí ẹnu ilẹ̀kùn kan náà nísàlẹ̀. Kò ní í jó o. Afẹ́fẹ́ tútù tó ń wọlé lọ ni yóò kàn án lára.

Láti Kétu dé Ìkòsì ní Èkó, láti Alápẹ́rẹ́ títí dé ẹ̀yìn ọjà Máìlì 12, àdúgbò tí kò ní ilé búrẹ́dì kò pọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń lo ófùn tí àwọn wẹ́dà wa fọwọ́ ara wọn kàn. Irin rẹ̀ nípọn, iṣẹ́ ọwọ́ tó wà lára rẹ̀ sì yẹ kí a yìn. Ṣùgbọ́n bí a bá dé ẹnu ilẹ̀kùn, a ó rí i pé ibẹ̀ ni ó ti rẹ̀ wọ́n: irin kan irin, tàbí okùn kan tó ti gbẹ tó sì ti tẹ́ pẹrẹsẹ, tàbí àpò fúláwà tí wọ́n rẹ sómi tí wọ́n ká bọ àlàfo náà. Ohun tó yẹ kó wà láàárín ilẹ̀kùn àti férémù rẹ̀, tí àwọn kan ń pè ní rọ́bà, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní gásíkẹ́ẹ̀tì, ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lórí. Ó tó iṣẹ́ tí ẹnjiníà lè fi ọdún púpọ̀ ṣe, a sì nílò irú ẹnjiníà bẹ́ẹ̀ ní Èkó lónìí.

Búrẹ́dì ti pẹ́ lọ́wọ́ wa. Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà tó wá síbí lọ́dún 1913 láti ṣiṣẹ́ ní rélùwéè, ló dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta lọ́dún 1921, iṣẹ́ náà sì gbòòrò débi pé ọba búrẹ́dì ni wọ́n ń pè é. Òun ni ìtàn sọ pé ó mú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ìyẹ̀fun pípò ní àtẹ̀túntẹ̀ wọ orílẹ̀-èdè yìí, ẹ̀rọ tí búrẹ́dì Agége kò lè ṣe kó má lò títí dòní kó tó lè kì bó ṣe ń kì. Nínú iṣẹ́ yìí, ẹ̀rọ ìpòyẹ̀fun ti yí padà, ìwúkàrà ti yí padà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kúrò nídìí igi ìdáná bọ́ sídìí dísẹ́ẹ̀lì àti gáàsì. Lójú tèmi, ẹnu ilẹ̀kùn ló kẹ́yìn.

Nígbà tí epo ṣì pọ̀ tí kò sì wọ́n, ìyẹn kò dun ẹnikẹ́ni. Ó wá dun gbogbo ènìyàn lọ́dún 2022. Lítà dísẹ́ẹ̀lì tí kò tó 300 náírà ní oṣù Kìíní ọdún náà ti lé ní 700 náírà nígbà tí yóò fi di oṣù Keje, oṣù kan náà tí àwọn ẹgbẹ́ oníbúrẹ́dì kéde pé àwọn ń dáṣẹ́ sílẹ̀. Fúláwà àti ṣúgà wà nínú ẹ̀hónú wọn, dísẹ́ẹ̀lì náà sì wà níbẹ̀. Oníbúrẹ́dì kò lè pinnu iye tí ẹni tó ń kó àlìkámà wọlé yóò tà á. Kò lágbára lórí owó epo pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n iye epo tí yóò jó kí àwo búrẹ́dì kan tó jinná wà lọ́wọ́ rẹ̀, dé ìwọ̀n kan.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ilẹ̀kùn ófùn kan fẹ̀ ní mítà kan, tí àlàfo mìlímítà 5 wà lókè rẹ̀, tí inú ófùn sì gbóná tó 220°C. Ooru tí yóò máa gba àlàfo yẹn jáde yóò súnmọ́ kílówáàtì kan àbọ̀. Bí ẹni tan áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́ láì lọ aṣọ kankan ni. Agbára tó wà nínú lítà dísẹ́ẹ̀lì kan tó nǹkan bíi kílówáàtì 10 fún wákàtí kan, bọ́nà, ẹ̀rọ tó ń jó dísẹ́ẹ̀lì náà, kò sì lè kó gbogbo rẹ̀ sínú ófùn; apá kan yóò bá èéfín lọ. Bí wọ́n bá ń dáná fún wákàtí 10 lójúmọ́, àlàfo kan yìí, lókè nìkan, yóò jẹ nǹkan bíi lítà 2. Bí wọ́n bá fi 300 ọjọ́ ṣiṣẹ́ lọ́dún, 600 lítà nìyẹn. Mi ò tíì ka ẹ̀gbẹ́ méjèèjì mọ́ ọn. Mi ò sì tíì sọ ti oru omi tó ń bá ooru jáde, èyí tí búrẹ́dì nílò kí ara rẹ̀ tó lè dán, tàbí ti àwo tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn tí kì í pọ́n bí àwọn tó wà nínú lọ́hùn-ún, tí wọ́n á fi ní láti yí i padà kí wọ́n sì fi ìṣẹ́jú kún ìṣẹ́jú.

Kí ló dé tí ilẹ̀kùn tí wẹ́dà kàn, tó sì ṣe rẹ́gí lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé, fi ń ya nígbà tí iná bá wọ̀ ọ́? Ibí yìí ni ìmọ̀ ẹ̀rọ ti wọlé. Irin máa ń gùn sí i tí ó bá gbóná. Ilẹ̀kùn tó ga ní mítà 1.8, tí irin inú rẹ̀ gbóná láti 30°C dé 220°C, yóò fi mìlímítà 4 gùn ju bó ṣe wà lọ. Irin ìta rẹ̀, tí wọ́n fi òwú tó ń dí ooru pààlà sí láàárín, kò gbóná tó bẹ́ẹ̀, kò sì gùn tó bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì sì wà ní dídè mọ́ra. Èyí tó gùn yóò tẹ èyí tí kò gùn, ilẹ̀kùn náà yóò sì ká bí ọrun: àárín rẹ̀ á wọnú ófùn, òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ á yọ síta. Bí ìkọ́ kan ṣoṣo bá wà láàárín ilẹ̀kùn, bó ṣe wà lára púpọ̀ nínú àwọn ófùn wa, kò sí ohun tó di igun òkè àti ti ìsàlẹ̀ mú. Ní tútù ni wẹ́dà wọn ilẹ̀kùn rẹ̀. Ní gbígbóná ni wọ́n ń lò ó.

Afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́, ó sì ń tì sókè. Nínú ófùn tó ga tó ènìyàn, ìtì yẹn lágbára jù lókè pátápátá, ní ibi tí ilẹ̀kùn ti ya gan-an. Bó ṣe ń jáde lókè ni òmíràn ń wọlé láti ìsàlẹ̀ láti dípò rẹ̀, bọ́nà á sì máa fi epo mú àlejò tuntun náà gbóná. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n ògiri tiwa ń lanu lókè àti nísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Kì í ṣe àwọn òyìnbó nìkan ló ti ronú sí irú ọ̀rọ̀ yìí. Ìtòsí wa ni àpẹẹrẹ tó wù mí jù ti wá, láti Chorkor, àdúgbò àwọn apẹja ní Accra. Láti ọdún 1969 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Food Research Institute ti Gánà àti àjọ FAO ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn obìnrin tó ń yan ẹja níbẹ̀ ṣiṣẹ́. Ààrò roboto tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, alámọ̀ àti onídúrọ́ọ̀mù, kò yàtọ̀ sí èyí tí a mọ̀ létí ọ̀sà wa ní Àgbóyì àti Ọ̀wọ́rọ̀ǹṣókí: èéfín ń gba ibi gbogbo jáde, igi púpọ̀ ń jó dànù, ojú àti àyà ẹni tó ń yan ẹja ló sì ń gba èyí tó kù. Ohun tí wọ́n ṣe kò ní ẹ̀rọ kankan nínú. Wọ́n mọ ààrò onígun mẹ́rin, wọ́n sọ orí ògiri rẹ̀ di pẹrẹsẹ, wọ́n kan àwo onífírémù igi tí nẹ́ẹ̀tì wáyà wà láàárín rẹ̀, wọ́n sì ń to àwo náà lórí ara wọn. Igi férémù àwo kan jókòó lórí igi férémù èkejì láìsí àlàfo, àwo tí wọ́n tò náà fúnra rẹ̀ sì di ọ̀nà èéfín. Ẹja kún un, igi ìdáná dín kù.

Ẹ wo ibi tí ọgbọ́n yẹn wà. Àwọn tó kọ bí a ṣe ń mọ ọ́n sílẹ̀ tẹnu mọ́ ọn pé orí ògiri gbọ́dọ̀ tẹ́jú, kí férémù sì jókòó sí àárín gbùngbùn ìbú ògiri, kí iná má baà dé ara igi. Bí férémù bá yẹ̀ sínú díẹ̀, yóò jóná. Bí ògiri bá rí gbágungbàgun, èéfín á yọ. Gbogbo ààrò Chorkor, tó ti tàn ká ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà lónìí, dúró lórí bí ohun méjì ṣe fi ẹnu kan ara wọn. Ẹnu ni wọ́n tún ṣe.

Lókè òkun náà, ẹnu ni wọ́n ní láti tún ṣe. Ní àwọn iléeṣẹ́ ńlá Yúróòpù àti Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ń yan èédú ilẹ̀ di coke fún irin yíyọ́, amọ̀ ni wọ́n fi ń rẹ́ ẹnu ilẹ̀kùn ààrò nígbà kan. Ọkùnrin kan á dúró sínú ooru náà, á máa fi ọwọ́ rẹ́ amọ̀ yí ilẹ̀kùn ká, nígbà tí èédú bá sì jinná, wọ́n á fọ́ amọ̀ náà dànù. Àwọn ẹnjiníà ló wá ṣe ilẹ̀kùn tó ń dí ara rẹ̀: irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí etí ilẹ̀kùn ká, tí sípíríǹgì ń tẹ̀ mọ́ férémù, tó ń bá férémù lọ bí férémù bá ká. Ẹ rántí sípíríǹgì yẹn. Òun ni yóò padà wúlò fún wa.

Kí n tó dé ibẹ̀, ó yẹ kí n dúró díẹ̀ lórí asbestos, ohun tí wọ́n fi ń ṣe okùn ilẹ̀kùn tẹ́lẹ̀, torí pé ó ṣì ń bá wa gbé. Òkúta tó ṣe é ya bí òwú ni, kì í jóná, ó sì ṣe é hun. Fún ìgbà pípẹ́, kò sí okùn ilẹ̀kùn ófùn tó borí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó hun ún ló kọ́kọ́ san gbèsè rẹ̀. Nellie Kershaw, obìnrin kan ní ìlú Rochdale ní England, ń ran òwú asbestos ní iléeṣẹ́ Turner Brothers. Ó kú ní oṣù Kẹta ọdún 1924, ní ẹni ọdún 33. Dókítà William Cooke wo ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ, ó sì rí eruku asbestos nínú rẹ̀, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn ilẹ̀ Bìrìtìkó lọ́dún náà. Ní 1931 ni wọ́n tó ṣe òfin lórí eruku náà níbẹ̀, ó sì di ọdún 1999 kí wọ́n tó fòfin de asbestos tán pátápátá. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ kedere pé kò sí irú asbestos kan tí kì í fa àrùn jẹjẹrẹ.

Mo sọ èyí nítorí ọmọ iṣẹ́ tó ń fi ọ̀bẹ họ okùn àtijọ́ kúrò lára ilẹ̀kùn ófùn. Bí ófùn náà bá ti dàgbà, tàbí tí wọ́n tú u palẹ̀ lókè òkun kí wọ́n tó kó o wá tà fún wa ní tòkúnbọ̀, ẹnikẹ́ni kò lè fojú lásán mọ̀ bóyá asbestos ni okùn funfun yẹn. Kí wọ́n má họ ọ́ ní gbígbẹ. Kí wọ́n wọ́n omi sí i dáadáa, kí wọ́n yọ ọ́ lódindi, kí wọ́n dì í sínú ọ̀rá méjì, kí ẹnikẹ́ni má fi ìgbálẹ̀ gbá eruku rẹ̀ nínú ilé tí wọ́n ti ń ṣe oúnjẹ. Èmi kò rí ìdí kankan tí ẹnikẹ́ni fi gbọ́dọ̀ ra tuntun rẹ̀ mọ́.

Ohun tó rọ́pò rẹ̀ wà. Okùn tí wọ́n fi gíláàsì hun lè fara da ooru tó nǹkan bíi 500°C, ìyẹn ju ohun tí búrẹ́dì ń fẹ́ lọ ní ìlọ́po méjì. Fáíbà seramíìkì kọjá 1000°C, ṣùgbọ́n ti àwọn tó ń yọ́ irin ni. Eruku tirẹ̀ náà wà lára àwọn tí wọ́n fura sí pé ó lè fa jẹjẹrẹ, n kò sì ní gbà á níyànjú fún ilé búrẹ́dì. Silicone ni ẹ̀kẹta, rọ́bà tí kì í yọ́. Frederic Kipping, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Nottingham, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí rẹ̀, kò sì rí ìlò gúnmọ́ kan fún un títí tó fi fẹ̀yìn tì lọ́dún 1936. Lọ́dún 1943, nígbà ogun, ni wọ́n dá Dow Corning sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ọjà wọn àkọ́kọ́ sì ni girisi silicone tí ó ń dáàbò bo iná ẹ́ńjìnnì bàálù ogun. Silicone dára, ó rọrùn láti fọ̀, ṣùgbọ́n ààlà rẹ̀ wà láàárín 200°C sí 250°C fún púpọ̀ nínú rẹ̀, ibi tí búrẹ́dì ń jinná gan-an nìyẹn. Bí bọ́nà bá ṣi iná jù lálẹ́ ọjọ́ kan, silicone á le, á sì sán. Oníṣòwò kì í sọ ìyẹn fún oníbàárà.

Níbo wá ni ẹnjiníà wa ti máa bẹ̀rẹ̀? Kì í ṣe lára okùn. Ara ilẹ̀kùn ni, kó kọ́kọ́ tú irin inú kúrò lára irin ìta. Kó má jó wọn pọ̀ yíká. Kó lu ihò gbọọrọ sí ibi tí bóòtù yóò wọ̀, kí irin inú lè gùn kó sì súnkì láì fa èkejì. Èyí nìkan yóò mú púpọ̀ nínú ìká ilẹ̀kùn kúrò, kò sì ná an ju wákàtí díẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà kó mú ìkọ́ kúrò láàárín, kó fi ọ̀pá irin kan sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn tó máa di òkè àti ìsàlẹ̀ mú lẹ́ẹ̀kan náà tí wọ́n bá yí ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni okùn tó kàn, sípíríǹgì tí mo ní kí ẹ rántí sì wà nínú rẹ̀. Okùn gíláàsì lásán á tẹ́ lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, kò sì ní í dìde mọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá hun wáyà irin tí kì í dípẹtà ní oníhò láàárín, tí wọ́n wá fi gíláàsì hun aṣọ bò ó, á máa tẹ̀, á sì máa dìde. Bí àlàfo bá di mìlímítà 2 níbì kan tó sì di 6 níbòmíràn, á kún méjèèjì.

Ìsàlẹ̀ ló le jù. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń to àwo búrẹ́dì sí gbọ́dọ̀ yí wọlé, nítorí náà kò sí ibi tí férémù lè gbé dìde, taya irin kẹ̀kẹ́ náà á sì gé okùn èyíkéyìí tó bá wà nílẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ófùn lókè òkun máa ń fi ohun kan síbẹ̀ tó ń rọ̀ sílẹ̀ nígbà tí ilẹ̀kùn bá tì, tó sì ń gbéra nígbà tí ó bá ṣí. Ẹni tó bá lè ṣe ẹ̀dà tó rọrùn fún èyí, láti inú irin tó wà ní ọjà irin Owódé Onírin, tí kò ní nílò ẹ̀yà kankan láti òkèèrè, ti ṣe iṣẹ́ tó tọ́ kí wọ́n mọ orúkọ rẹ̀. Kó sì jẹ́ pé àtẹ̀wọnú ni okùn òkè àti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe alẹ́ẹ̀mọ́, kí ọmọ iṣẹ́ lè fa èyí tó gbó yọ kí ó sì ti tuntun bọ̀ ọ́ ní àkókò tí wọ́n fi ń dúró de kí ìyẹ̀fun wú. Ilé búrẹ́dì tó ń ṣe ti aago mẹ́rin àárọ̀ kò ní ọjọ́ kan láti fi sílẹ̀ fún wẹ́dà.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò nílò ẹ̀rọ olówó ńlá. Kí ófùn tó gbóná, ki bébà tẹ́ẹ́rẹ́ sí ẹnu ilẹ̀kùn, ti ilẹ̀kùn náà, kí o sì fa bébà náà. Bí ó bá yọ́ jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, ibẹ̀ ń jò. Yí ilẹ̀kùn ká bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó bá ti gbóná, tan tùràrí kan kí o sì gbé e yí etí ilẹ̀kùn: lókè, èéfín rẹ̀ á sá kúrò lára ilẹ̀kùn; nísàlẹ̀, á wọnú. Ibi tí èéfín bá ti lọ sókè tààrà láì yà ni okùn ti ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n fi ọ̀pá wọn dísẹ́ẹ̀lì inú táǹkì láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó pààrọ̀ okùn, àti fún ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú iye àpò fúláwà tí wọ́n ṣe. Láìsí nọ́ńbà yẹn, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni ẹnjiníà ń tà.

FIIRO, iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀, wà ní Òṣòdì láti ọdún 1956, kò jìnnà sí Kétu, wọ́n sì mọ búrẹ́dì dáadáa. Àwọn ni wọ́n ṣiṣẹ́ lórí búrẹ́dì oníyẹ̀fun ẹ̀gẹ́. Mo rò pé ó tó àkókò kí wọ́n wo ilẹ̀kùn ófùn pẹ̀lú ojú tí wọ́n fi wo ẹ̀gẹ́. Ẹni tó bá ṣe ohun tuntun lè gba ìwé ẹ̀tọ́ lábẹ́ òfin Patents and Designs ti ọdún 1970, tó ń dáàbò bò ó fún 20 ọdún. Ṣùgbọ́n kó kíyè sí ohun kan: òfin náà ń fẹ́ ohun tí gbogbo ayé kò tíì mọ̀. Ẹni tó bá ti gbé ilẹ̀kùn rẹ̀ han ọjà, tó ti ṣàlàyé rẹ̀ fún gbogbo wẹ́dà, kó tó kọ̀wé, lè ti pàdánù ẹ̀tọ́ náà. Kó kọ̀wé ná, tàbí kó jẹ́ kí oníbúrẹ́dì tó fẹ́ bá a dán an wò fọwọ́ sí ìwé pé òun kò ní sọ ọ́ síta.

Bí ó bá sì ti gba ìwé ẹ̀tọ́ náà tán, ẹ̀bẹ̀ mi sí i ni pé kó ta àṣẹ rẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú fún àwọn wẹ́dà Owódé Onírin, kó sì kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń lu ihò gbọọrọ yẹn. Ófùn wọn ló pọ̀ jù láàárín wa, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń dúró níwájú ilẹ̀kùn wọn lóru sì pọ̀ ju gbogbo ẹni tí yóò ra ófùn láti Ítálì lọ.